Kí Kernel Tó Bá Kú Lè Sọ Ohun Tó Pa Á: Bá A Ṣe Ń Ya Mẹ́mọ́rì Sọ́tọ̀ fún Kdump

Bí sáfà Linux bá kú lójijì tó sì tún ara ẹ̀ gbé dìde, gbogbo wa la máa ń sáré lọ sí /var/log, òfo la sì máa ń bá níbẹ̀. Lọ́ọ̀gì á máa lọ jẹ́jẹ́ títí dé ìṣẹ́jú kan, ìlà tó tẹ̀ lé e á sì jẹ́ ti bútù tuntun, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì ò sí níbẹ̀ rárá, kò sì lè sí níbẹ̀, torí kernel, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, tó yẹ kó bá wa kọ ọ́ sórí dísìkì gan-an ló kú yẹn. Iṣẹ́ tí kdump wà fún nìyẹn, ètò tó ń tọ́jú ẹ̀dà mẹ́mọ́rì kernel tó kú ká lè yẹ̀ ẹ́ wò. Látọdún 2005 ló ti wà nínú Linux, láti 2.6.13, àmọ́ ọ̀pọ̀ sáfà tí mò ń rí ni ò ní in, àwọn míì sì ní in àmọ́ kò ṣiṣẹ́, èyí tó tiẹ̀ burú jù, torí ọkàn onítọ̀hún ti balẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń bútù, tára ẹ̀ ṣì yá, kernel á gé apá kan sílẹ̀ nínú RAM, kò ní lò ó, kò sì ní fún ẹnikẹ́ni lò. Inú ibẹ̀ la máa gbé kernel kejì sí, pẹ̀lú initramfs kékeré tiẹ̀ (fáìlì tó ní àwọn ohun tí kernel fi ń bútù). Ọjọ́ tí kernel àkọ́kọ́ bá panic, ìyẹn tó bá kan àṣìṣe tí kò lè kọjá tó sì dáwọ́ dúró, kò ní rìbúùtù, kò ní gba BIOS kọjá, ṣe ló máa fò tààrà sínú kernel kejì nípasẹ̀ kexec (ohun tó ń jẹ́ kí kernel kan gbé òmíì dìde), kernel kejì á jí dìde nínú àyè tá a yà sọ́tọ̀ fún un, gbogbo RAM tó kù á wá dà bíi fáìlì kan ṣoṣo lójú ẹ̀, /proc/vmcore lorúkọ fáìlì yẹn. Á da èyí tó wúlò níbẹ̀ sórí dísìkì, ìgbà yẹn ló tó máa rìbúùtù.

Kí ló dé tá ò lè dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ká tó wá àyè? Àkọ́kọ́, kernel tó ń kú ò ṣeé gbọ́kàn lé, ìwé tó fi ń ṣírò mẹ́mọ́rì tó ṣófo àtèyí tí ò ṣófo lè jẹ́ ohun tó bàjẹ́ gan-an. Èkejì ni DMA, àwọn èèyàn kì í sì í rántí ẹ̀. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti dísìkì máa ń kọ nǹkan sínú RAM fúnra wọn láì gbàṣẹ lọ́wọ́ CPU, kernel lè ti kú káwọn ṣì máa kọ lọ ràì síbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sí. Tí kernel kejì bá lọ jókòó síbẹ̀, pákẹ́ẹ̀tì tó ń tòde bọ̀ á kàn kọ lé e lórí. Àmọ́ ibi tá a yà sọ́tọ̀ látìgbà bútù, kò sí dráífà kankan tó ní àdírẹ́sì ẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó ṣáájú kdump, LKCD, netdump, diskdump, kernel tó kú náà ni wọ́n ń rán níṣẹ́ pé kó kọ òkú ara ẹ̀ sílẹ̀, nígbà míì ó ṣe é, nígbà míì kò ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí o: kdump ò mọ nǹkan kan nípa iná. Tí NEPA bá mú iná tí bátìrì UPS sì ti kú, kò sí panic níbẹ̀, kò sóhun tí kdump fẹ́ mú. Panic nìkan ló ń mú.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ yín

Kẹ́ẹ tó fi nǹkan kan sórí ẹ̀, ẹ ṣe èyí:

systemd-detect-virt
free -m
cat /proc/cmdline
df -h /var

Tí ìlà àkọ́kọ́ bá sọ pé lxc, openvz tàbí docker, ẹ má dara yín láàmú, inú container lẹ wà, kernel tẹ́ẹ ń lò kì í ṣe tiyín, ti ẹni tó ni ẹ̀rọ ńlá ni. Ọ̀pọ̀ VPS (sáfà kékeré tí wọ́n gé lára ẹ̀rọ ńlá) tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú ló rí bẹ́ẹ̀. Tó bá sọ kvm, vmware, microsoft tàbí none, ẹ lè máa bọ̀.

Ẹ wo iye RAM tó wà, kẹ́ẹ kọ ọ́ síbì kan, torí ó máa dín kù lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Mo ti rí ẹni tó ń bá àwọn tó ta VPS fún un jà pé wọ́n jí RAM òun, tó jẹ́ pé kdump ló gbé e. Ẹ wo bóyá crashkernel=, ọ̀rọ̀ tó ń sọ iye RAM tá a fẹ́ yà sọ́tọ̀, ti wà nínú cmdline (ìlà àṣẹ tí kernel fi bútù) tẹ́lẹ̀, ó lè ti wà o. Ẹ sì wo àyè tó kù lórí /var. Fáìlì dump, ìyẹn ẹ̀dà mẹ́mọ́rì tí kernel kejì ń kọ sílẹ̀, kì í sábà tó RAM rárá tá a bá sẹ́ ẹ dáadáa, àmọ́ tí /var bá kù díẹ̀ kó kún, kò sóhun tó máa dúró.

Fífi í sórí ẹ̀rọ

Lórí Ubuntu:

sudo apt install linux-crashdump

Ó máa bi yín bóyá kí kdump-tools máa ṣiṣẹ́, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Tẹ́ẹ bá ti yára tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́ kọjá, ẹ ṣí /etc/default/kdump-tools kẹ́ẹ sọ USE_KDUMP di 1.

Lórí RHEL, AlmaLinux, Rocky àtàwọn ẹbí wọn:

sudo dnf install kexec-tools
sudo systemctl enable --now kdump

Lórí àwọn tó dé lẹ́yìn, ìyẹn àwọn tó gba ìgbà RHEL 10, kdump ti ya kúrò nínú kexec-tools, kdump-utils lẹ máa wá. Apá yìí ò ní wàhálà. Nọ́ńbà ni wàhálà.

Mélòó la máa yà sọ́tọ̀?

Èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ẹ sọ iye kan pàtó:

crashkernel=256M

Àmọ́ tẹ́ẹ bá ní oríṣiríṣi ẹ̀rọ tó ń lo ètò kan náà, ẹ lè sọ fún kernel pé kó wo RAM tó bá bá kó tó mú. RHEL 9 fúnra ẹ̀ ń lo èyí lórí x86_64:

crashkernel=1G-4G:192M,4G-64G:256M,64G-:512M

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí RAM bá wà láàárín 1G sí 4G kó mú 192M, 4G sí 64G kó mú 256M, 64G lọ sókè kó mú 512M, tí RAM ò bá sì tó 1G kó má mú nǹkan kan. Ọjọ́ pẹ́ tí Ubuntu fi lo 512M-:192M, àmọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn ti yí i padà, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yòówù tó bá ti tó 512M, kó mú 192M. Ẹ wo bó ṣe rí lára: lórí ẹ̀rọ 1G, 192M fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo mẹ́mọ́rì, ó wọni lára. Lórí ẹ̀rọ 64G, 512M ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Torí náà lórí VPS 1G tó ń gbé wẹ́ẹ̀bù kékeré kan, èmi ò ní tan kdump sílẹ̀ títí lọ, mo máa tàn án nígbà tó bá ti ń kú láìnídìí, tí mo bá ti rí ohun tó ń pa á mo máa yọ ọ́.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, RAM nìkan kọ́ ló ń sọ iye tẹ́ẹ nílò. Ọ̀pọ̀ rò pé bí RAM bá ṣe pọ̀ tó lèyí tá a yà sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, kò rí bẹ́ẹ̀. Makedumpfile tó ń ṣe ẹ̀dà máa ń ṣe é ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, á mú apá kan, á ṣe é tán, á mú òmíì, kò nílò kó gbé gbogbo ìṣirò RAM sórí lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń jẹ àyè gan-an ni kernel fúnra ẹ̀, initramfs, àti pàápàá jù lọ àwọn dráífà. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì 100 gígábíìtì tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ queue lè gba mẹ́gábáìtì rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà tó bá jí, dráífà RAID ńlá náà bẹ́ẹ̀. CPU náà ń jẹ tiẹ̀, torí gbogbo CPU ló ní àwọn nǹkan tí kernel ń pèsè fún un, ìdí tí wọ́n fi máa ń fi nr_cpus=1 sórí kernel kejì nìyẹn, CPU kan ti tó láti da fáìlì.

Ẹni tó bá fi LUKS2 ti dísìkì pa, tí dump sì gbọ́dọ̀ lọ sórí dísìkì yẹn, kó yáa fetí sílẹ̀. Argon2id tí LUKS2 ń lò láti sọ páswọ́ọ̀dù di kọ́kọ́rọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa jẹ mẹ́mọ́rì ni, ó lè gba tó gígábáìtì kan fún ṣíṣí dísìkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 256M ò lè gbà á láéláé. Yàtọ̀ síyẹn, ta ló máa jókòó ti ẹ̀rọ láago mẹ́ta òru kó tẹ páswọ́ọ̀dù fún kernel kejì? Níbi tọ́rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹ jẹ́ kí dump máa gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ síbòmíì, tàbí kẹ́ẹ ní pátíṣọ̀n kan tí ò sí lábẹ́ LUKS fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà ní ewu tiẹ̀, mo máa débẹ̀.

Lórí RHEL àtàwọn ẹbí ẹ̀, ẹ ò nílò kẹ́ẹ máa méfò:

sudo kdumpctl estimate

Á sọ iye tẹ́ẹ yà sọ́tọ̀ báyìí àtiye tó rò pé ẹ nílò, á tiẹ̀ dárúkọ àwọn dráífà tó sanra jù. Tí ẹ bá fẹ́ padà sí iye tí wọ́n fọwọ́ sí, kdumpctl reset-crashkernel ni. Crashkernel=auto tó wà láyé RHEL 7 àti 8 ti lọ láti RHEL 9, tẹ́ẹ bá rí i nínú ìwé àtijọ́ ẹ fò ó.

Ọ̀rọ̀ high àti low náà ṣì wà. Lórí x86_64, kernel máa ń kọ́kọ́ wá àyè náà lábẹ́ 4G. Tẹ́ẹ bá ní kó ya iye ńlá sọ́tọ̀, ó lè má rí àyè tó so pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ẹ wá lè kọ:

crashkernel=1G,high crashkernel=256M,low

High ní kó lọ mú u lókè 4G. Low ń tọ́jú díẹ̀ sísàlẹ̀, torí àwọn ẹ̀rọ kan wà tí DMA wọn ò lè dé òkè 4G, tí ò bá sí nǹkan kan nísàlẹ̀ fún wọn, kernel kejì á jí àmọ́ kò ní rí dísìkì. Tẹ́ẹ bá kọ high nìkan, kernel á gbìyànjú láti wá low fúnra ẹ̀. Ẹ̀rọ tó nílò 256M péré ò nílò gbogbo ìyẹn.

Kíkọ ọ́ síbi tó yẹ

Lórí RHEL:

sudo grubby --update-kernel=ALL --args="crashkernel=256M"

Lórí Ubuntu, ibí yìí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á lọ kọ crashkernel=384M sínú /etc/default/grub, wọ́n á ṣe update-grub, wọ́n á rìbúùtù, iye ti tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n tún máa bá. Ìdí ni pé kdump-tools ní fáìlì tiẹ̀, /etc/default/grub.d/kdump-tools.cfg, ìyẹn sì máa ń fi crashkernel tiẹ̀ kún ìparí ìlà, bẹ́ẹ̀ tí kernel bá rí méjì, èyí tó kẹ́yìn ló ń gbà. Inú fáìlì yẹn ni kẹ́ẹ ti yí nọ́ńbà padà, kẹ́ẹ wá ṣe:

sudo update-grub
sudo reboot

Kò sí bẹ́ẹ ṣe lè sá fún rìbúùtù yìí. Mẹ́mọ́rì náà, ìgbà bútù nìkan la lè yà á sọ́tọ̀.

Ṣé ó ti wà níbẹ̀?

Tí ẹ̀rọ bá dìde:

cat /proc/cmdline
sudo grep -i crash /proc/iomem
cat /sys/kernel/kexec_crash_size
cat /sys/kernel/kexec_crash_loaded

Ẹ rántí sudo yẹn lórí iomem, láìsí i òdo lásán lẹ máa rí nínú àdírẹ́sì. Ohun tẹ́ẹ fẹ́ rí á dà báyìí:

a3000000-aeffffff : Crash kernel

192M nìyẹn. Kexec_crash_size á sọ ọ́ ní báìtì, 201326592 ni 192M, 268435456 ni 256M. Tó bá jẹ́ 0, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ lọ wo dmesg, ẹ lè rí i tó sọ pé òun ò rí àyè, ẹ dín iye náà kù tàbí kẹ́ẹ gbìyànjú high. Kexec_crash_loaded gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Méjèèjì yàtọ̀ síra o: ti àkọ́kọ́ ń sọ pé a ti gé àyè sílẹ̀, ti ìkejì ń sọ pé kernel kejì ti wà nínú àyè yẹn. Àyè lè wà kó ṣófo.

Lórí Ubuntu, kdump-config show máa sọ ọ́ ní kedere, "current state: ready to kdump" lẹ̀ ń wá. Lórí RHEL, kdumpctl status. Tẹ́ẹ bá ń lo Secure Boot tẹ́ẹ sì fọwọ́ ara yín kọ́ kernel tí ò ní ìbuwọ́lùwé, ibí yìí ló ti máa kọ̀, kexec ò ní gbà á wọlé.

Tẹ́ẹ bá wá rí i pé ẹ ti gé púpọ̀ jù, ẹ lè dá díẹ̀ padà láì rìbúùtù. Ẹ kọ́kọ́ yọ kernel kejì kúrò, sudo kdump-config unload, kẹ́ẹ wá kọ nọ́ńbà tó kéré jù ú lọ sínú fáìlì náà:

echo 134217728 | sudo tee /sys/kernel/kexec_crash_size

128M ló kù yẹn, ìyókù ti padà sọ́dọ̀ kernel, ẹ wá ṣe sudo kdump-config load padà. Ẹ lè dín in kù, ẹ ò lè fi kún un.

Ẹ pa á, kẹ́ẹ wò ó

Gbogbo ohun tá a ti ṣe dé ibí, àfi bíi sípíà táyà tó wà ní búùtù ọkọ̀, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá atẹ́gùn wà nínú ẹ̀. Ẹ yan àkókò tẹ́nì kan ò lò ó, ẹ pa database àtàwọn iṣẹ́ tó ń kọ nǹkan, ẹ sọ fún àwọn tó yẹ kẹ́ẹ sọ fún, ẹ sì ṣí console, kì í ṣe SSH. SSH máa dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ò ní rí nǹkan kan. VPS yín ní console nínú wẹ́ẹ̀bù, sáfà gidi ní IPMI tàbí serial. Tẹ́ẹ bá fi console=ttyS0,115200 sórí ìlà kernel, ọ̀rọ̀ kernel kejì náà á máa gba serial jáde, ohun tó sì ń gba èèyàn sílẹ̀ nìyẹn lọ́jọ́ tó bá kọ̀.

sync
echo 1 | sudo tee /proc/sys/kernel/sysrq
echo c | sudo tee /proc/sysrq-trigger

Tẹ́ẹ bá ti tẹ Enter lórí ìlà tó kẹ́yìn, tó ń mọ̀ọ́mọ̀ pa kernel, ẹ máa rí "Kernel panic - not syncing: sysrq triggered crash", Call Trace (àwọn iṣẹ́ tí kernel ń ṣe kó tó kú) á tẹ̀ lé e, ojú console á dúró díẹ̀ bíi pé ó ti gan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìyẹn àwọn ìlà bútù á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, láìsí BIOS, láìsí GRUB láàárín, kernel kejì nìyẹn. Á wá dé ibi tí makedumpfile ti ń ka ìdá tó ti ṣe, "Copying data", nọ́ńbà á máa gòkè, tó bá dé 100 ẹ̀rọ á rìbúùtù, lọ́tẹ̀ yìí BIOS á yọjú.

Tẹ́ẹ bá wọlé padà:

sudo ls -lhR /var/crash

Lórí Ubuntu fódà kan á wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ ọjọ́ àti àkókò, dump àti dmesg nínú ẹ̀. Lórí RHEL, vmcore àti vmcore-dmesg.txt. Tẹ́ẹ bá rí fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí incomplete, kò parí iṣẹ́.

Tó bá kọ̀

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé kernel kejì jí, àmọ́ mẹ́mọ́rì ò tó o. Lórí serial ẹ máa rí "Out of memory: Killed process", nígbà míì makedumpfile fúnra ẹ̀ ni wọ́n pa. Ẹ fi kún crashkernel, 192M sí 256M, 256M sí 384M, ẹ máa lọ díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ẹ ò bá fẹ́ fi RAM ṣòfò, ẹ dín ohun tí kernel kejì ń gbé kù. Kò nílò GPU, kò nílò ohùn, tí dump bá ń lọ sórí dísìkì kò nílò káàdì 100 gígábíìtì yẹn. Ẹ lè fi module_blacklist= pẹ̀lú orúkọ dráífà náà sórí ìlà kernel kejì, nínú KDUMP_CMDLINE_APPEND ní /etc/default/kdump-tools fún Ubuntu, nínú KDUMP_COMMANDLINE_APPEND ní /etc/sysconfig/kdump fún RHEL, kẹ́ẹ wá tún kdump bẹ̀rẹ̀.

Tí kò bá jí rárá, tí ojú console kàn dúró lẹ́yìn Call Trace, ẹ kọ́kọ́ wo kexec_crash_loaded, ó lè jẹ́ pé kò sí nínú àyè yẹn látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá wà, ẹ̀rọ kan ló ṣeé ṣe kó má gbà kí wọ́n tún òun bẹ̀rẹ̀ láì gba BIOS, reset_devices àti irqpoll tó máa ń wà lórí ìlà kernel kejì la fi ń bẹ̀ ẹ́, ẹ wò ó bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í da fáìlì tó wá rìbúùtù láàárín kan, ẹ fura sí watchdog. Watchdog inú sáfà, tàbí ètò VPS tó máa ń tan ẹ̀rọ padà tí kò bá dáhùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ò mọ̀ pé dump ló ń ṣe, ó rò pé ó ti kú ni, ó sì ṣàánú ẹ̀. Ẹ sún àkókò ẹ̀ síwájú.

Ibi tó ń kó o sí

Ìlà tó ṣe pàtàkì nínú /etc/kdump.conf ti RHEL:

path /var/crash
core_collector makedumpfile -l --message-level 7 -d 31

Iṣẹ́ 31 yẹn ni kó yọ ohun tá ò nílò. 1 ni ojú ewé tó jẹ́ òdo gbogbo ẹ̀, 2 àti 4 ni cache, 8 ni mẹ́mọ́rì àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́, 16 ni èyí tó ṣófo, ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ ó di 31. Èyí tó ṣẹ́ kù ni ti kernel fúnra ẹ̀, òun la sì ń wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ 64G fi lè gbé dump gígábáìtì díẹ̀ jáde.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ kó gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ẹ fi ìlà ssh pẹ̀lú sshkey síbẹ̀, tàbí nfs. Kernel kejì á wá nílò dráífà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ fi kún àyè ẹ̀, kẹ́ẹ sì tún ìdánwò yẹn ṣe.

Ewu tí mo ní mo máa dé nìyí. Bá a tiẹ̀ yọ mẹ́mọ́rì àwọn ètò kúrò, inú kernel ni kọ́kọ́rọ́ dísìkì LUKS ń gbé nígbà tí dísìkì bá ṣí, pẹ̀lú àwọn nǹkan míì tí kò yẹ kójú kan wọn. Ẹni tó bá gba vmcore yín lè wá a rí nínú ẹ̀. Ẹ má gbé e sí Google Drive kẹ́ẹ pín link kiri torí ẹnì kan ní òun fẹ́ bá yín wò ó, vmcore-dmesg.txt ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fún un, ó sábà máa ń tó.

Kí ẹ̀rọ tó gan náà lè panic

Ìṣòro kan ṣì wà. Ìgbà míì kernel ò ní panic, á kàn gan, tàbí kó ṣe oops (àṣìṣe tí ò tíì pa á) kó máa fà á lọ. Kdump ò ní gbọ́. Ẹ lè sọ fún un pé kó panic:

kernel.panic_on_oops = 1
kernel.softlockup_panic = 1
kernel.hung_task_panic = 1
kernel.unknown_nmi_panic = 1

Inú /etc/sysctl.d ni kẹ́ẹ kọ wọ́n sí. Ti àkọ́kọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ayé, kdump-tools ti Ubuntu máa ń tan ìyẹn fúnra ẹ̀. Ti hung_task, ẹ ṣọ́ra, ẹ̀rọ tí NFS ẹ̀ bá ń fà lè panic láìṣẹ̀ láìrò, ìgbà tẹ́ẹ bá ń wá nǹkan nìkan ni kẹ́ẹ tàn án. Ti ìkẹyìn ni mo fẹ́ràn jù. Tí ẹ̀rọ bá gan tí kò dáhùn mọ́, ẹ lè ti ìta fi NMI (àmì tí CPU ò lè kọtí ikún sí) gún un, virsh inject-nmi fún KVM, ipmitool chassis power diag fún sáfà gidi, AWS náà ní tiẹ̀ fún EC2, á panic lójú ẹsẹ̀, kdump á gbé e. Ó sàn ju kẹ́ẹ kàn pa iná ẹ̀ lọ, torí tẹ́ẹ bá pa iná ẹ̀, ẹ̀rí ti lọ.

Kíkà á

Ẹ má tíì sáré sí vmcore. Ẹ ṣí dmesg tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ lọ sísàlẹ̀. Ẹ wá ìlà tó ní BUG tàbí panic, ẹ wo ọ̀rọ̀ Tainted: P túmọ̀ sí pé dráífà kan wà níbẹ̀ tí kóòdù ẹ̀ wà ní títì, O túmọ̀ sí pé ìta kernel ló ti wá, E pé kò ní ìbuwọ́lùwé. Tẹ́ẹ bá rí wọn, tẹ́ẹ sì rí orúkọ dráífà yẹn nínú àmì [ ] nínú Call Trace, ibẹ̀ ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Tí ìyẹn ò bá tó, ètò tó ń jẹ́ crash, tá a fi ń ka vmcore, ló kù. Ó nílò vmlinux (fáìlì kernel náà) tó ní debuginfo (àlàyé nípa kóòdù inú ẹ̀) fún kernel tó kú gan-an, kì í ṣe èyí tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i; $(uname -r) tó wà nísàlẹ̀ yìí, kernel tẹ́ẹ ń lò báyìí ló ń sọ, tó bá yàtọ̀ sí èyí tó kú, ẹ fi nọ́ńbà èyí tó kú rọ́pò ẹ̀. Lórí RHEL:

sudo dnf debuginfo-install kernel
sudo crash /usr/lib/debug/lib/modules/$(uname -r)/vmlinux /var/crash/<fódà>/vmcore

Lórí Ubuntu, dbgsym ni, ẹ kọ́kọ́ fi ddebs.ubuntu.com kún ibi tí apt ti ń kó nǹkan, vmlinux ẹ̀ á wà ní /usr/lib/debug/boot. Tó bá ṣí, bt máa fi ọ̀nà tí kernel gbà dé ibi tó kú hàn yín, log máa fún yín ní dmesg, ps á sọ àwọn ètò tó wà láyé nígbà yẹn. Fún ìdánwò tá a ṣe lẹ́ẹ̀kan, bt á fi panic hàn lókè, sysrq_handle_crash lábẹ́ ẹ̀, __handle_sysrq, write_sysrq_trigger, ẹ máa kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ẹnì kan kọ nǹkan sínú sysrq-trigger, sysrq gbà á, ó panic. Kernel tó kú nítòótọ́ náà, bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa kà á.

Ìtọ́jú

Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá gba kernel tuntun, ẹ tún wo kexec_crash_loaded, torí initramfs ti kernel kejì náà gbọ́dọ̀ di tuntun, ó sì máa ń kùnà jẹ́jẹ́ láì pariwo tí /boot bá kún. Ètò tẹ́ẹ fi ń ṣọ́ sáfà, Zabbix, Prometheus, ohun yòówù tó bá jẹ́, ẹ jẹ́ kó máa ka fáìlì yẹn kó sì ké tó bá di 0. VM tí wọ́n fi RAM kún láì pa á, ẹ tún kdump gbé sínú ẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ yín tí kò bá ṣe é fúnra ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kernel kejì ò ní mọ̀ pé RAM tuntun wà. Ẹ sì máa pa àwọn dump àtijọ́ rẹ́ ní /var/crash, ẹ̀rọ tó bá ń panic lójoojúmọ́ lè fi òkú ara ẹ̀ kún dísìkì.